Nígbà Tí Alamí Kò Padà Dé: Ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Milind Tambe àti Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí olóòtú ní kí n mú ìtàn kan wá láti inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìwé ìpàdé wa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á rò pé ìtàn fóònù alágbèéká tàbí ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni n óò kọ. Ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀ jù. Ẹnì kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ pápá ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tó ti wọ igbó erin ní Uganda, tó sì ti dé orí fóònù àwọn aboyún ní ilẹ̀ Íńdíà. Orúkọ rẹ̀ ni Milind Tambe.

Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní BITS tó wà ní Pilani, ó jáde ní 1986, ó sì kọjá sí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1991. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ibi kékeré nínú ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní AI báyìí. Allen Newell, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà, ó sì ń darí ètò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Soar, tí wọ́n fẹ́ kó máa ronú bí èèyàn ṣe ń ronú. Inú ilé Soar yẹn ni Tambe ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan kí n tó máa lọ, nítorí òun ló gbé gbogbo ìtàn yìí ró. Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n ń pè ní agent ni ètò kan tí a rán níṣẹ́, tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo àyíká rẹ̀, tó sì ń dá ìpinnu ṣe láìdúró kí ẹnì kan máa tẹ bọ́tìnnì fún un. Aṣojú ni mo máa pè é. Aṣojú kan ṣoṣo kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá di púpọ̀, tí kálukú ní ojú tirẹ̀ àti ète tirẹ̀, ni ọ̀rọ̀ di ti ẹlẹ́nu púpọ̀. Ìmọ̀ tó ń wo bí irú wọn ṣe lè bá ara wọn ṣiṣẹ́, tàbí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà, ni ìmọ̀ ọlọ́pọ̀ aṣojú.

Kì í ṣe Tambe ló dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀ o, kí a má fi oyè olóyè fún un. Reid Smith ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1980 pé kọ̀ǹpútà kan lè kéde iṣẹ́ bí alágbàṣe ṣe ń kéde, kí àwọn yòókù dá iye tí wọ́n lè ṣe é, kí ẹni tó bá yẹ gbà á. Victor Lesser ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Massachusetts láti ìparí àwọn ọdún 1970. Philip Cohen àti Hector Levesque, lẹ́yìn wọn Barbara Grosz àti Sarit Kraus, ti fi ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ìṣirò béèrè ohun tó túmọ̀ sí pé àwọn méjì "jọ ń ṣe" nǹkan, yàtọ̀ sí pé wọ́n kàn ń ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ Tambe ni pé ó gbé ìbéèrè yẹn kúrò lórí ìwé, ó gbé e lọ síbi tí nǹkan ti ń bàjẹ́.

Ní 1993 ó dé ilé iṣẹ́ ìwádìí Information Sciences Institute, ti Yunifásítì Southern California. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ń fẹ́ ogun àfiṣeré orí kọ̀ǹpútà láti fi kọ́ àwọn ọmọ ogun wọn. Ṣùgbọ́n ogun kì í pé láìsí èrò. Ta ni yóò wá jókòó máa wa gbogbo bàálù inú kọ̀ǹpútà náà? Ìdáhùn wọn ni pé kí kọ̀ǹpútà máa wà á fúnra rẹ̀, kí awakọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan jẹ́ aṣojú kan tó ń dá ronú.

Ẹgbẹ́ hẹlikọ́pítà ló bọ́ sọ́wọ́ Tambe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú, ètò náà kò le. Gbogbo wọn á fò lọ síbi kan tó fara sin, wọ́n á dúró. Alamí kan á ṣáájú lọ wo ibi tí wọn yóò ti bá ọ̀tá jà. Tó bá rí i pé ọ̀nà là, á ránṣẹ́ pe àwọn yòókù. Wọ́n kọ gbogbo èyí sínú aṣojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Alamí lọ. Alamí forí sọ òkè, ó já. Àwọn tó kù ń dúró. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, kò sí ẹni tó mira. Kò sí ibì kankan nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn tó sọ pé bí alamí kò bá ránṣẹ́, kí wọ́n yan ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n padà sílé.

Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ti parí. Ó yí orí bàálù rẹ̀ padà, ó gba ilé lọ, ó sì fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun. Ẹ ò rí nǹkan! Òun mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Kò sí ohun tó sọ fún un pé ó yẹ kí àwọn yòókù náà mọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ̀ ẹ́ ní àlẹ̀mọ́. Bí eléyìí bá ṣẹlẹ̀, kí o ṣe báyìí. Bí tọ̀hún bá ṣẹlẹ̀, kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ti ń dí ihò kan ni òmíràn ń là, nítorí pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ogun kò lóǹkà. Níbẹ̀ ni Tambe ti rí i pé ohun tó sọnù nínú àwọn aṣojú wọ̀nyí kì í ṣe òfin kan tàbí méjì. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹgbẹ́ rárá ni. Kálukú mọ iṣẹ́ tirẹ̀, kò mọ̀ pé iṣẹ́ àwa ni.

Ètò tó kọ láti tún èyí ṣe ni STEAM, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1997. Ó mú èrò Cohen àti Levesque, pẹ̀lú ti Grosz àti Kraus, ó sì sọ wọ́n di òfin tí aṣojú lè lò. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyí: bí ẹgbẹ́ bá ti jọ dáwọ́ lé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, tàbí pé kò ṣeé ṣe mọ́, tàbí pé kò wúlò mọ́, dandan ni kó jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Bí ẹni tí iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ṣubú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí pé ọ̀tá lè gbọ́ ohùn lórí rédíò, aṣojú á tún wọ̀n ọ́n wò: èwo ló léwu jù, kí n sọ̀rọ̀ ni àbí kí n dákẹ́?

Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ yòókù gbé e gẹ̀gẹ̀ ni pé òfin wọ̀nyí kì í ṣe ti hẹlikọ́pítà nìkan. Tambe mú púpọ̀ nínú wọn, ó fi wọ́n sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní ISIS, tó lọ ìdíje RoboCup àkọ́kọ́ ní Nagoya, ní Japan, ní 1997. Ẹgbẹ́ náà ṣe ipò kẹta nínú ìdíje orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rántí bí àwọn agbábọ́ọ̀lù kíláàsì wa ṣe máa ń rọ́ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí ìgbà tí oyin bá ń lé ènìyàn, tí kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn, á mọ̀ pé ìṣòro náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dán an wò lára ara wọn. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ ìwádìí náà fún ara wọn ní aṣojú kọ̀ọ̀kan nínú ètò kan tí wọ́n pè ní Electric Elves, bí ẹni ń sọ pé iwin onímànàmáná. Aṣojú rẹ ló ń bá àwọn aṣojú yòókù ṣètò ìpàdé rẹ, òun ló ń sọ pé ò ń bọ̀ tàbí pé o máa pẹ́, òun ló ń pàṣẹ oúnjẹ ọ̀sán pàápàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kò fi pamọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn, èyí ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn. Aṣojú Tambe fagi lé ìpàdé òun àti ọ̀gá ẹ̀ka wọn láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, aṣojú yìí kan náà yọ̀ǹda rẹ̀ láti wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn, ohun tí òun gan-an kò fẹ́ ṣe. Aṣojú ẹlòmíràn sún ìpàdé kan síwájú ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 50! Ẹ fojú inú wo àwọn tó jókòó tí wọ́n ń retí ẹni náà.

Ẹ̀rín ni o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ìgbà wo ló yẹ kí aṣojú dá ìpinnu ṣe, ìgbà wo ló yẹ kó béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀? Bó bá sì béèrè, tí kò rí èsì, ìgbà wo ni kó tó dáwọ́ ìdúró dúró? Ìdáhùn tí Tambe àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú wá ni pé kí aṣojú ní ètò ìgbésẹ̀ nílẹ̀: kó béèrè, kó dúró fún ìwọ̀n kan, kó ra àkókò díẹ̀ sí i nípa sísún ìpàdé, bí kò bá tún rí èsì, kó wá gbé ìgbésẹ̀. Ní ọjọ́ òní tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pariwo pé àwọn ti ṣe AI tó lè dá iṣẹ́ jẹ́ fún ni, ìbéèrè 2000 yẹn náà ló tún wà lórí tábìlì.

Nígbà náà ni Amẹ́ríkà wọ inú ìbẹ̀rù. Ní oṣù Kejìlá 1999, wọ́n ti mú ọkùnrin kan ní ẹnubodè láti Kánádà pẹ̀lú ohun abúgbàù nínú ọkọ̀, LAX tí í ṣe pápá ọkọ̀ òfurufú Los Angeles ló sì ń gbé e lọ. Oṣù Kẹsàn-án 2001 dé, gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2002, agbébọn kan yìnbọn pa èèyàn nínú LAX yẹn gan-an. Pápá náà tóbi, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, àwọn ọlọ́pàá àti ajá tó ń gbóòórùn bọ́ǹbù kò sì tó láti wà níbi gbogbo nígbà gbogbo.

Ìṣòro náà yé ẹni tó bá gbé ilé ẹ̀kọ́ wa rí. Ọ̀gá tó bá jẹ́ pé aago mẹ́wàá gééré ló máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì wọ yàrá ìsùn wa, ta ni kò mọ̀ pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àkókò àtifo ọgbà lọ ra dòdò? Ẹni ibi pẹ̀lú ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ̀ṣọ́ kò gbọdọ̀ ní ìṣesí kan tí a lè há sórí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé kí a kàn máa ju owó ẹyọ sókè ló kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹnubodè méjì ló wà. Èèyàn 300 máa ń wà ní àkọ́kọ́, èèyàn 100 ní ìkejì, ajá kan ṣoṣo la sì ní. Bí ajá bá wà níbi tí ẹni ibi gbà wọlé, wọ́n á mú un, ẹnikẹ́ni kò ní fara pa. Bí a bá so ajá mọ́ ẹnubodè àkọ́kọ́ lójoojúmọ́, ẹni ibi á rí i, á gba ìkejì, 100 ló wà nínú ewu. Bí a bá ní kí ajá pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì dọ́gba láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọjọ́ tó kàn, ẹni ibi á dojú kọ ẹnubodè àkọ́kọ́, nítorí ìdajì ìgbà ni ajá kò sí níbẹ̀: ìdajì 300 jẹ́ 150. Ẹ ò rí i pé ó burú ju kí ajá jókòó sójú kan lọ? Àmọ́ bí ajá bá wà ní àkọ́kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin, tó wà ní ìkejì fún ọjọ́ kan yòókù, ìdá mẹ́rin 300 jẹ́ 75, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 100 náà jẹ́ 75. Ibi yòówù kí ẹni ibi yíjú sí, kò rí ibi tó sàn fún un. Èyí ni pé kí a dà á rú pẹ̀lú ìwọ̀n.

Èrò pé ẹnì kan á kọ́kọ́ fi ohun tó máa ṣe hàn, kí ẹnì kejì wá wò ó kó tó ta tirẹ̀, ti wà láti ọwọ́ Heinrich von Stackelberg, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Jámánì, nínú ìwé tó kọ ní 1934 lórí ọjà. Ìṣirò ayò ni wọ́n fi ń ṣe é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnubodè méjì rọrùn, èyí tó pọ̀ kò rọrùn. Bí ajá bá jẹ́ 6, tí ibi tí a lè fi wọ́n sí jẹ́ 20, ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n jẹ́ 38,760, a ò sì tíì ka wákàtí mọ́ ọn, a ò sì tíì béèrè irú ẹni ibi tó ń bọ̀. Tambe àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Praveen Paruchuri nínú wọn, wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà yanjú rẹ̀ kíákíá. Wọ́n sọ ètò náà ní ARMOR, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní LAX ní oṣù Kẹjọ 2007. Òun ló ń sọ fún ọlọ́pàá ọ̀nà tí wọn yóò ti dá ọkọ̀ dúró lónìí, àti ibi tí ajá yóò gbà kọjá. Ní 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú bàálù Amẹ́ríkà gba irú rẹ̀ tó ń jẹ́ IRIS. Ní 2011, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun bẹ̀rẹ̀ sí lo PROTECT ní èbúté Boston.

Ọkọ̀ ojú irin ni ìtàn alamí ti tún padà dé. Wọ́n ṣe ètò fún àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ ojú irin Los Angeles: wọ ọkọ̀ yìí, sọ̀ kalẹ̀ níbí, wọ tọ̀hún ní ìṣẹ́jú yìí. Lórí ìwé ó dán gbinrin. Ọlọ́pàá mú ẹnì kan tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó dúró láti kọ ìwé fún un, ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ lọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ètò ọjọ́ náà ti di páálí. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá ọ̀nà tí ètò inú fóònù ọlọ́pàá yóò fi máa sọ ohun tó kàn fún un láti ibi tó bá wà, kì í ṣe láti ibi tó yẹ kó wà.

Àwọn kan ti béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè: báwo la ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ta ló lè kà á? Ní Boston, wọ́n fa ìbéèrè náà lé àwọn ẹ̀ṣọ́ kan lọ́wọ́ tí iṣẹ́ wọn ni láti ronú bí ọ̀tá, kí wọ́n wo ìṣọ́ ṣáájú ètò náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ̀rí kékeré ni. Mo sì ní ìkùnsínú kan: ètò tó ń sọ ibi tí ọlọ́pàá máa dúró sí, ẹni tó kọ iye tí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan jẹ́ sínú rẹ̀ ló ni ìpinnu. Ìṣirò kò lè mọ̀ bóyá iye yẹn tọ́.

Ó jọ pé Tambe fúnra rẹ̀ ń wá ibi tí a ti lè ka èsì, nítorí igbó ló kọjá sí. Queen Elizabeth National Park wà ní ìwọ̀ oòrùn Uganda. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn ọdẹ tí kò gba àṣẹ sì ń dẹ tàkúté oníwáyà sínú rẹ̀ fún ẹtu àti erin. Ètò tí wọ́n pè ní PAWS ni láti sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó ibi tó yẹ kí wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e débẹ̀ ní 2014, àléébù rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà pín igbó sí onígun mẹ́rin kéékèèké bí ojú ìwé ìṣirò, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ gba inú wọn kọjá, kò ka òkè àti omi sí. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò gba ibẹ̀. Fei Fang, akẹ́kọ̀ọ́ Tambe nígbà náà tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tún un kọ kó máa tẹ̀lé ẹ̀yìn òkè àti ipa odò, ibi tí ẹranko àti ènìyàn ń gbà ní tòótọ́.

Ìṣòro kejì fara sin ju ìyẹn lọ. Àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ wà nípa ibi tí wọ́n ti rí tàkúté, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀ṣọ́ dé nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Ibi tí ìwé sọ pé kò sí tàkúté, ṣé kò sí ni, àbí ẹnikẹ́ni kò wò ó? Wọ́n ní láti kọ́ ètò náà kó má gba "kò sí" gbọ́ tọ́wọ́tẹsẹ̀. Ní 2016, wọ́n yan ibi méjì tí ẹ̀ṣọ́ kì í sábà dé, tí ètò náà sì sọ pé ọdẹ wà níbẹ̀. Láàárín oṣù kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ rí erin kan tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti gé eyín rẹ̀ lọ. Wọ́n rí wáyà tàkúté erin tí wọ́n ká pamọ́, wọ́n sì rí tàkúté ẹtu 10. Ti erin yẹn ti bọ́. Àwọn ẹranko tí ìyókù wáyà wọ̀nyẹn ìbá pa ni èrè ibẹ̀, èyí sì ṣeé kà.

Ní Los Angeles kan náà, òun àti Eric Rice, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ, bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa àwọn ọ̀dọ́ tí kò nílé lórí, tí ewu kòkòrò HIV wà lórí wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera kò lè bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ìṣe wọn ni kí wọ́n yan díẹ̀ nínú wọn, kí wọ́n kọ́ wọn, kí àwọn yẹn wá tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Àwọn wo ni kí wọ́n yàn? Àṣà ni kí wọ́n mú àwọn tó lọ́rẹ̀ẹ́ jù. Ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ náà á kàn máa yípo láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà wá àwọn tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra. Ibí náà, ẹni tí a gbójú lé kì í dé: ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn lè má wá lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, bóyá ọlọ́pàá ti mú un, bóyá kò rówó ọkọ̀. Nítorí náà, ètò náà ń tún yàn lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó wá. Nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó lé ní 700, ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù dínkù láàárín oṣù kan nínú ọ̀wọ́ tí kọ̀ǹpútà bá wọn yàn. Nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò yá tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2019, Tambe kọjá sí Yunifásítì Harvard, ó sì tún darí iṣẹ́ AI fún ire àwùjọ ní ilé ìwádìí Google ní Íńdíà nígbà náà. Iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni ti ARMMAN, àjọ kan ní Mumbai tí Dókítà Aparna Hegde dá sílẹ̀ ní 2008. Àjọ yìí ń fi ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ pe àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ lórí fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́, láti sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ní àsìkò oyún wọn àti ìgbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dáwọ́ gbígbọ́ dúró. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìyá náà, ó lè padà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò tó nǹkan, àwọn ìyá jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye.

Èrò tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n pe àwọn tí kì í gbọ́ rárá. Ìṣirò tí wọ́n mú jáde láti inú iṣẹ́ tí Peter Whittle ṣe ní 1988 sọ nǹkan mìíràn: ẹni tó yẹ kí a pè ni ẹni tí ìpè wa yóò yí padà. Ẹni tó ti ń gbọ́ dáadáa kò nílò rẹ̀, ẹni tí kò ní gbọ́ bó ti wù kó rí kò ní jèrè rẹ̀. Ní 2021, wọ́n dán an wò lára ìyá bí 23,000 fún ọ̀sẹ̀ méje. Nínú ọ̀wọ́ tí ètò náà ń yan ẹni tí wọn yóò pè, ìdínkù nínú gbígbọ́ fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ọ̀wọ́ tí wọn kò pè. Àjọ náà sì gbà á, wọ́n ń lò ó láti 2022.

Àwọn kan nínú ìmọ̀ náà ní èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ aṣojú mọ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní ìfẹ́ tirẹ̀, àkókò tirẹ̀, ọkọ tó lè jẹ́ pé òun ló ń mú fóònù. Láti ọjọ́ tí alamí ti já lórí òkè ni Tambe ti ń bá ọ̀rọ̀ kan náà fà á: kí ni kí àwọn díẹ̀ tó kù ṣe, nígbà tí ẹni tí ètò gbójú lé kò bá sí níbi tó yẹ kó wà? Ohun tó fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé nígbà tí ètò rẹ̀ bá kùnà lóde, kì í dá òde lẹ́bi. Á mú ìkùnà yẹn padà wálé, á fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyẹn á sì di ìwé ìwádìí tó kàn.

Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì wà nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, àwọn tó ń wo aboyún lójoojúmọ́, tí wọ́n sì mọ àwọn tí kì í padà wá lẹ́yìn ìbẹ̀wò àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí wọ́n máa tẹ̀ láago nígbà tí káàdì ìpè kò bá tó. Kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìwé tó kàn tó jáde.